Wáyà Kẹta

Aago mẹ́rin ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ọjọ́bọ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Òmù-Àrán. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀. Èmi jókòó sídìí tábìlì iṣẹ́. Inspẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Démọ́lá, ọmọ ilé tó kọjú sí tèmi, tó ń gbé Èkó, fara ti ògiri. Bàbá Bọ̀sẹ̀dé, àgbẹ̀ ará Ìsánlú-Ìsin, jókòó sórí àpótí àwọn oníbàárà, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Lórí tábìlì, láàárín wa, ni dúróònù wà, ọkọ̀ òfurufú kékeré alábẹ̀bẹ̀ mẹ́rin tí àwọn ènìyàn ń fi ṣeré, tó ń ya àwòrán láti òkè. Apá rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kan.

Inspẹ́kítọ̀ yí i dojú bolẹ̀, ó fi ìka tọ́ ìkọ̀wé tó wà lábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, orúkọ ta nìyí?"

Orúkọ mi ni. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tí mo dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí orúkọ mi ṣe débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó kọ́ lọ́wọ́ ni mò ń kọ ọ́ fún. Ogójì ọdún ni mo fi ń tún rédíò ṣe, àti gbogbo ohun tó tẹ̀lé rédíò. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu mi. N ó sọ èyí tí mo bá lè sọ.

Agbamu ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, kò sì rán mi nílé ìwé. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó mú mi wá sí Òmù-Àrán, sọ́dọ̀ Ọ̀gá Àjàyí, atúnrédíò-ṣe tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà tó lọ sí Òrò. Wọ́n sọ̀rọ̀ owó, wọ́n parí rẹ̀, bàbá mi padà sóko. Mo bá wọn gbálẹ̀ fún odidi ọdún kan kí Ọ̀gá tó jẹ́ kí n di ayọ́ọ̀nù mú, irin gbígbóná tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn òjé, láti fi jó wáyà mọ́ra.

Ará Òṣogbo ni Ọ̀gá Àjàyí. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo, kì í sì í gbá ọmọ iṣẹ́ létí bí àwọn ọ̀gá mìíràn ti ń ṣe nígbà náà. Ohun tó ń ṣe le ju ìyẹn lọ. Bí o bá jó wáyà tán, á ní kí o gbé e wá. Á kọ́kọ́ wo àwọ̀ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì tó mú wáyà dáadáa máa ń dán bíi fàdákà. Èyí tí kò mú máa ń rí bí eérú. Lẹ́yìn náà á fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Lẹ́yìn náà á fi eyín di wáyà náà mú, á fà á. Bí ó bá tú, á tu wáyà náà sílẹ̀ bí ẹni tó jẹ òkúta nínú ìrẹsì, á sì tú gbogbo èyí tó kù nínú rédíò náà, títí kan àwọn tó dáa. O ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

"Fà á kí o tó dè é," ló máa ń sọ.

Òfin rẹ̀ kejì ni pé ohunkóhun tí o bá ṣí, o gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ àti ọjọ́ náà sínú ìdérí rẹ̀ kí o tó dè é. Bí rédíò bá padà wá lẹ́yìn oṣù kan, á ṣí i, á pe orúkọ tó bá níbẹ̀, onítọ̀hún á sì wá dúró níwájú ẹni tó ni rédíò, á ṣàlàyé ara rẹ̀. Èmi ò mọ̀wé kọ. Mo ń fa ilà méjì tó gbúnra, mo ń to àmì kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gàníyù, tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, ní àmì mi jọ aláǹgbá tí mọ́tò tẹ̀ pa. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Aláǹgbá. Ọ̀gá pàápàá ń pè mí bẹ́ẹ̀, láìrẹ́rìn-ín. Oníbàárà á dé, Ọ̀gá á ṣí rédíò rẹ̀, á ní, "Aláǹgbá, máa bọ̀, iṣẹ́ rẹ ti dé." Oníbàárà á máa wo ilẹ̀.

Ní ọdún kẹta mi, mo ṣe ohun kan tí n kò gbàgbé. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n tuntun pọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo gé e, mo fi ṣe ọkọ̀ òfurufú, ìyẹ́ méjì àti ìrù. Mo yọ mọ́tò kékeré kan nínú rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì, mo gé abẹ̀bẹ̀ láti ara páànù mílíìkì, mo so bátìrì mọ́ ọn nínú. Mo gun òrùlé, mo jù ú. Ó fò. Ó fò kọjá títì, ó fò kọjá lórí ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́, ó lọ balẹ̀ sínú gọ́tà. Gàníyù ń jó. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, Ọ̀gá ti dúró pẹ̀lú ọkọ̀ náà lọ́wọ́.

"Mọ́tò ta ni?"

Mọ́tò Ìmáàmù àdúgbò wa ni. Rédíò tó fi ń gbọ́ wáàsì ni, èyí tó gbé wá fún wa láti tún ṣe.

Ọ̀gá ní kí n gbé ọkọ̀ náà lérí, kí n gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìmáàmù, kí n sì fẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe. Mo gbé e. Àwọn ọmọdé tẹ̀lé mi. Ìmáàmù gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó wo ọkọ̀ náà títí, ó ní kí n kọ́kọ́ jù ú kí òun rí i ná kí n tó tú mọ́tò òun. Mo jù ú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Nígbà tí mo padà sọ bẹ́ẹ̀ fún Ọ̀gá, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ọkọ̀ náà bá ti bá ọkùnrin orí kẹ̀kẹ́ lójú ńkọ́? Ó ní ṣé mo kọ àmì mi sínú rẹ̀? Mo ní rárá. Ó ní ta ni wọn ì bá wá mú nígbà náà?

Ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ìbéèrè yẹn.

Ó tú mi sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, mo ya ṣọ́ọ̀bù tèmi. Mo ti sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún kí n tó kàwé. Wọ́n dá kíláàsì àwọn àgbà sílẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí wa, ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ. Tíṣà tó ń kọ́ wa kéré sí mi. Múnírátù lorúkọ rẹ̀. Ó bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kọ. Àwọn kan ní Bíbélì, àwọn kan ní lẹ́tà sí ọmọ. Èmi ní orúkọ mi. Ó fún mi ní ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà mí kí Yísà tó dúró lórí ìlà láì ṣubú. Lọ́jọ́ kejì mo kọ ọ́ sínú rédíò kan, mo sì jókòó, mò ń wò ó. Ọdún tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ Múnírátù. Kò yé mi bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́. Ó ní n kò bẹ òun, pé dídúró ló sú òun.

Bí ó bá ti ń jáde nílé ìwé, ṣọ́ọ̀bù ló ń wá. Ó ń lo awò ojú. Á jókòó sí apá òsì mi, á máa máàkì ìwé àwọn ọmọ, bí mo bá sì jó wáyà kan tán, mo máa ń sún un sí i láìwo ojú rẹ̀. Á fà á. Bí ó bá tú, á fi bírò pupa máàkì ẹ̀yìn ọwọ́ mi, X, bí ẹni tó gba odo. Mo ti wọ ilé onílé rí pẹ̀lú X mẹ́ta lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí ó fi lé ní ogún ọdún.

Irinṣẹ́ ń yí padà. Rédíò lọ, kásẹ́ẹ̀tì lọ, fídíò dé, ó lọ, síídì dé, òun náà lọ. Fóònù ló kù. Nǹkan inú rẹ̀ kò ju yanrìn lọ. Mo ra ayọ́ọ̀nù tó ní ẹnu bí abẹ́rẹ́. Èyí tó le jù ni lẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kó wọlé nísinsìnyí kì í dán mọ́. Èyí tó mú àtèyí tí kò mú, àwọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ní, wọ́n rí bí eérú. Nínú àyẹ̀wò mẹ́ta tí Ọ̀gá kọ́ mi, ojú ò tó o mọ́. Fífà nìkan ló kù.

Múnírátù kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ọmọ wa kan ṣoṣo, Ràfíátù, ń gbé ní Ìlọrin pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Mo ń jí, mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo ń tì í. N kò lọ sóde àwọn ènìyàn mọ́.

Ní December ọdún tó tẹ̀lé e ni Démọ́lá gbé dúróònù wálé. Èmi ni mo ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé wọn. Ẹni tó bá mọ ìlú wa yóò mọ bí ó ṣe rí: àwọn onílé wà ní Èkó, wọn ń wálé fún ọdún àti ìnáwó, ẹnì kan nílé ló ń ṣí fèrèsé fún wọn. Ohun tí ìjọba bá ní kí wọ́n kọ orúkọ sí, orúkọ ẹni tó wà nílé ni wọ́n ń kọ. Owó iná ilé wọn, orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Ọ̀kadà tí bàbá Démọ́lá rà sílé, orúkọ mi ni. Kò sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Démọ́lá gbé dúróònù náà fò nínú pápá ilé ìwé, ó sì fi ẹ̀rọ ìdarí rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ gbìyànjú. Ẹ̀yin tí ẹ tún gbogbo nǹkan ṣe." Mo gbé e sókè. Mo wo ojú gíláàsì kékeré tó wà lórí ìdarí náà, mo rí òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tó ń padà sí Èkó, ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n dá òun dúró lójú ọ̀nà nítorí ẹ̀, ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Mo máa ń gbé e jáde ní ọ̀sán Sunday. Ọjọ́ kan mo gbé e lọ sí Agbamu, mo gbé e fò lórí oko bàbá mi. Oko tó ń mú kí ẹ̀yìn máa dùn mí láti àárọ̀ títí di alẹ́ nígbà èwe mi, àtẹ́lẹwọ́ mi bò ó mọ́lẹ̀ nínú àwòrán. Mo rí ara mi náà, ọkùnrin kan tó gbójú sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà. Kò sẹ́ni tó dúró tì í. Síbẹ̀ ara mi yá ní ọjọ́ yẹn. N kò lè purọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n pe àwa ẹgbẹ́ atúnrédíò-àti-fóònù-ṣe sí ìpàdé. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá láti Ìlọrin láti ṣàlàyé òfin. Ó ní dúróònù àti ọkọ̀ òfurufú ìṣeré, bó tilẹ̀ jẹ́ eré nìkan lo ń fi ṣe, wọn gbọ́dọ̀ ní ìwé. Ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó gba nọ́ńbà. Orúkọ àti nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀rọ náà níta, níbi tí ènìyàn ti lè kà á láì tú ìdè. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n bá ti ń gbé e fò, tàbí kó mọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ kúrò níbi tí ojú ti lè rí i. Kò gbọ́dọ̀ fò lórí èrò. Àwọn kan ń kùn pé ìjọba tún ti dé. Gàníyù, tó ti di alága ẹgbẹ́ wa, béèrè bóyá ọmọ òun tó ń fi bébà ṣe ọkọ̀ òfurufú jù nínú kíláàsì náà máa gba nọ́ńbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Òfin náà dùn mọ́ mi nínú. Ọ̀gá Àjàyí ni mo ń gbọ́.

Mo pe Démọ́lá lórí fóònù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, pé kó wá kọ orúkọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi fi tiyín sí i," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ wà nílé."

Ohun tó sọ kò yà mí lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀kadà. Mo kọ Yísà sínú ìwé ìjọba pé èmi ni mo ni ín, mo gba nọ́ńbà, mo sì kọ méjèèjì sí abẹ́ dúróònù náà pẹ̀lú yíǹkì tí kì í parẹ́. Ọwọ́ mi dúró dáadáa lórí ìlà. Mo rò pé Múnírátù ì bá fún mi ní máàkì.

December tó kọjá, Démọ́lá wálé. Lọ́jọ́ kejì tó dé ló fi dúróònù gbá igi máńgòrò, mọ́tò apá kan bàjẹ́. Wọ́n ń ṣí ilé tuntun kan ní Òkè-Onígbìn ní Satidé, ó sì ti ṣèlérí pé òun á ya àwòrán rẹ̀ láti òkè. Ó jókòó tì mí lórí àpótí títí mo fi ṣe é tán. Mo pààrọ̀ mọ́tò náà; mọ́tò kọ̀ọ̀kan ní wáyà mẹ́ta. Mo jó èkíní, mo jó èkejì, mo jó ẹ̀kẹta. Mo sún un sí apá òsì mi.

Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́ta tí kò ti sẹ́nì kankan níbẹ̀, ọwọ́ mi kò sì tíì mọ̀. Mo tún fà á padà síwájú mi, mo kọ Yísà àti ọjọ́ náà sínú ìdérí, mo dè é.

Mo sọ fún Démọ́lá pé kó má gbé e fò lórí ènìyàn, àti pé òfin ní kí n wà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa bọ̀ nígbà náà. Ẹ ó jẹun." Mo ní n kò ní lè wá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹnu àwọn ènìyàn ni mo ti gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé náà tán, Démọ́lá ní kí gbogbo èrò kóra jọ sí iwájú ilé, kí wọ́n gbójú sókè, kí wọ́n juwọ́. Ó gbé dúróònù sórí wọn. Bọ̀sẹ̀dé wà ní ìlà àkọ́kọ́. Aránṣọ ni, òun ló rán kọ́tìnnì gbogbo fèrèsé ilé náà, nítorí náà ni wọ́n ṣe fà á síwájú. Abẹ̀bẹ̀ kan dúró lójijì. Dúróònù yí, ó já lulẹ̀. Gbogbo àwọn tó kù ló sá. Bọ̀sẹ̀dé ṣì ń juwọ́. Àwọn dókítà ní Ìlọrin sọ pé ojú ọ̀tún ti lọ.

Bí orúkọ mi ṣe débẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn Satidé náà ni Ọjọ́bọ̀ tí mo ń sọ.

Inspẹ́kítọ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti gbọ́ kiní náà kó tó wá. Ó ní gbogbo ìlú mọ̀ pé ọmọ Èkó ló ni dúróònù, pé òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e fò lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo kàn bá a fi orúkọ sí i ni, bí a ti ń ṣe, kí òun lè mọ ẹni tí òun ó mú.

Démọ́lá ní orúkọ òun kò sí nínú ìwé kankan. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Bí orúkọ mi bá wọ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, iṣẹ́ mi ní Èkó parí nìyẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ."

Bàbá Bọ̀sẹ̀dé kò wò ó. Èmi ló ń wò. "Yísà, a mọ̀ ọ́," ó ní. "Rédíò tí ìyá Bọ̀sẹ̀dé ń gbọ́ títí ó fi kú, ìwọ lo tún un ṣe. Má jẹ́ kí ọmọdé yìí dì í rù ọ́. Sọ ọ́ bó ṣe rí, kóo máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

Mo ní kí Inspẹ́kítọ̀ jẹ́ kí n tú u wò. Ó ní kí n tú u.

Mo tú ìdè mẹ́rin tó de ìdérí rẹ̀. Orúkọ mi wà nínú ìdérí, pẹ́ńsùlù ò tíì parẹ́. Mo wo ìdí mọ́tò tí mo pààrọ̀. Wáyà èkíní wà níbẹ̀. Èkejì wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ti jáde. Bí lẹ́ẹ̀dì bá mú wáyà, tí nǹkan bá fà á pẹ̀lú ipá, wáyà á já, ìdajì rẹ̀ á kù sínú lẹ́ẹ̀dì. Èyí kò já. Orí rẹ̀ mọ́ tónítóní, lẹ́ẹ̀dì tó ti inú rẹ̀ jáde sì ní ihò kékeré kan, bí ibi tí wọ́n ti yọ ìṣó. Kò mú un rí láti ọjọ́ tí mo ti jó o.

Nínú àwa mẹ́rin, èmi nìkan ló mọ ohun tí mò ń wò. Mo lè dé e padà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rò ó. Mo di ìdérí náà mú lọ́wọ́ kan, mo di irin tí mo fi ń tú ìdè mú lọ́wọ́ kejì. Mo gbé méjèèjì sílẹ̀.

"Èmi ni," mo ní.

Démọ́lá mí kanlẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ ní ṣé pé mo gbà pé èmi ni mo ni ín. Mo ní kì í ṣe ti ìwé ni mò ń sọ. Mo ní Démọ́lá ló ni ín, òun ló gbé e sórí èrò, àmọ́ kò ní já bí wáyà yìí bá mú, èmi ni mo sì jó o. Mo fi hàn wọ́n. Inspẹ́kítọ̀ tẹrí ba wò ó, kò rí nǹkan kan.

Bàbá Bọ̀sẹ̀dé dìde, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ní apá òsì. Ó wo wáyà náà pẹ́.

"Ṣé kò sí bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ kó tó fò ni?"

"Ó wà. A máa ń fà á wò."

"Ṣé o fà á?"

"N kò fà á."

"Báwo ló ti ń pẹ́ tó, láti fà á?"

Mo fa èkíní kí ó rí i. Mo fi í sílẹ̀.

Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níwájú àwọn tó ń ṣe ìdájọ́. Inspẹ́kítọ̀ gba ọ̀rọ̀ èmi àti Démọ́lá sílẹ̀, ó ní àwa méjèèjì la ó dáhùn, Démọ́lá nítorí pé ó gbé e sórí èrò, èmi nítorí pé orúkọ mi wà lórí rẹ̀, n kò sì sí níbẹ̀. Òfin náà dára. Ohun tó béèrè fún ni kí wọ́n lè rí ẹni tó ṣe é. Wọ́n rí i. Kò dá ojú padà. Bọ̀sẹ̀dé kò tíì lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ro iṣẹ́, n kò ní sọ fún yín pé kí ẹ kọ́ èyí tàbí kí ẹ má kọ́ ọ. Wọn kì í gbé rédíò wá mọ́, fóònù tó bá bàjẹ́ ni wọ́n ń jù nù. Ogójì ọdún mi wà nínú ìdérí àwọn nǹkan tí àwọn ènìyàn ti sun níná. Mo rò pé ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá ni orúkọ kíkọ. Fífà ló kọ́kọ́ kọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Jímọ̀, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù bí mo ti ń ṣí i. Nǹkan méje ló wà lórí pẹpẹ, tí mo ti tún ṣe tán, tí àwọn tó ni wọ́n kò tíì wá gbé. Mo tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi eyín fa gbogbo wáyà tí mo jó. Nínú rédíò kẹrin, ọ̀kan tú. Nínú àmúpílífáyà kan, ọ̀kan tú. Mo fi wọ́n sílẹ̀ ní ṣíṣí lórí tábìlì.

Mo mú ìwé tí mo ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà sí, mo ṣí i dé ojú ewé tó tẹ̀lé ìsìnkú Múnírátù. Orúkọ tó wà níbẹ̀ pọ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìyàwó ilé kan ní Agbamu, tó gbé fáànù alábátìrì wá. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gun ọ̀kadà, mo lọ. Ó ń fọ aṣọ nígbà tí mo dé. Ó kí mi, ó ní ṣé kò sí, pé fáànù náà ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Mo ní kó bá mi gbé e wá.